Awò Tó Ń Dorí Ayé Kodò

Ilé Sàníù,
Ẹ̀rúnmu.

Zubaidah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run Alláà kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ọ lórí fóònù, ẹ̀rín lo kàn ń rín, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣé o rántí ohun tí mo bẹ̀ ọ́? Mo ní olè ń wu ẹ̀gẹ́ wa ní oko òdìkejì odò, kí o bá mi wá awò tí màá máa fi ṣọ́ oko náà láti ẹ̀yìnkùlé, nítorí orúnkún mi ò gba kí n máa sọ̀kalẹ̀ kí n tún máa gòkè lójoojúmọ́. Awò tí màá fi rí olè ni mo sọ. N kò sọ pé mo fẹ́ rí ìràwọ̀. Kí ni ìràwọ̀ jí kó?

Nígbà tí awakọ̀ gbé páálí tí o fi ránṣẹ́ dé, ọ̀pá gbọọrọ kan la bá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo fi ojú sí i, òkùnkùn biribiri. Mo tún un wò títí omi fi ń jáde lójú mi. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún ọ kí ìyá rẹ tó wá ṣí ọmọrí kan kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ní ṣé èèyàn máa ń rí ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n dé ni. Wọ́n ya oòrùn sára páálí, wọ́n fi ìlà pupa dábùú rẹ̀, ó yé mi pé ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ gbóná, ni mo bá fi agboòrùn bò ó bí ẹni pé ọba ni.

Mo wá kọjú rẹ̀ sí oko. Zubaidah, ẹ̀gẹ́ dorí kodò! Ewé wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ wà lókè, Mùnírù aládùúgbò wa tó ń bọ̀ láti odò ń fi orí rìn, kẹ́gì omi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, omi náà ò sì dànù. Mo pariwo pé kó rọra, kó má ṣubú. Ó ní kí ló ṣe mí. Mo yí awò náà po, ó ṣì dorí ayé kodò síbẹ̀. Mo gbé e lọ bá Múyì tó ń tún fóònù ṣe ní oríta, ó ní kò sóhun tó ṣe é, pé ojú ọ̀run ni wọ́n ṣe é fún, pé lọ́hùn-ún kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ààfáà sọ, Múyì ló ń sọ ọ́ fún mi.

Bí ìyá rẹ ṣe gbọ́ èyí, awò di tirẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ó kọjú rẹ̀ sí Àgùàlà, ìràwọ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní ajá òṣùpá. Ó lọgun. Ó ní Àgùàlà kò rí roboto mọ́, ó ti là sí méjì, ó dà bí òṣùpá kékeré. Mùnírù sáré wá wò ó, ó ní ajá kọ́ o, ọmọ òṣùpá ni, ó jọ ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jiyàn, ìràwọ̀ náà sì ń sá kúrò lójú awò, wọ́n á wá a rí, á tún sá. Mo ní ẹsẹ̀ awò ló ń rì, mo ki òkúta sábẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń sá.

Láti ìgbà náà, n kò jẹun alẹ́ lásìkò mọ́. Ọbẹ̀ á máa jóná, ìyá rẹ á wà lẹ́nu awò. Gbogbo àdúgbò ń tò sí àgbàlá wa bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sẹ́ni tí kò sí níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, torí ìyá rẹ ní kí n wá wò ó kí n yéé ráhùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ la rí i pé olè ti wọ oko ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, wọ́n wu gbogbo ẹ̀gẹ́ etí odò pátá, èyí tí a fẹ́ fi ṣe gàrí tí a ó máa jẹ. Mo jókòó sórí ebè. Mùnírù ní tó bá jẹ́ pé oko la kọjú awò sí ni, à bá rí wọn. Mo ní à bá rí wọn lóòótọ́, wọn ì bá máa fi orí rìn, à bá sì máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi kó o tán.

Mo búra pé màá ta awò náà. Ìyá rẹ ò bá mi jà, ó kàn ní kí n wo òṣùpá lẹ́ẹ̀kan kí n tó tà á. Mo wò ó tìbínú-tìbínú. Zubaidah, kòtò ló kún ojú rẹ̀, kòtò lórí kòtò, bí oko tí wọ́n ti wu ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Mo wò ó pẹ́. Mo ní háà, olè ti débẹ̀ náà! Inú mi rọ̀ díẹ̀, torí mo ti ń rò pé àwa nìkan ni.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ kí a ra wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ajá, ajá tó ń gbó, kì í ṣe ti òṣùpá. Fi owó gàrí sí i, nítorí ọjà la ó ti máa ra ohun tí a gbìn. Ìyá rẹ ní kí n béèrè bóyá wọ́n ń ta èyí tó tóbi ju eléyìí lọ. Bó bá pè ọ́, sọ fún un pé wọn kì í tà á.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú wa ò tó, á fi ẹni rere pàdé rẹ, àwọn tó ń wu ohun olóhun kò ní mọ ilé rẹ. Ìyá rẹ ìbá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ó wà níta, ó ń pè mí pé òun tún ti rí nǹkan mìíràn. Jẹ́ kí n tètè lọ wò ó, kó má baà jẹ́ pé Mùnírù ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàníù.