Lẹ́tà R Tí Kò Jáde

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì ìtẹ̀wé búrò wa ní Tchaourou ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti sú mi, kò sì sí ẹni tí mo lè ráhùn sí tí kò ní sọ pé ìjọba ni mò ń bú.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ ni wọ́n gbà mí síbẹ̀, kí n máa tẹ ìwé fún ọ̀gá. Máṣíìnì náà ti gbó. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, nígbà mìíràn lẹ́tà á jáde, nígbà mìíràn bébà á funfun báláú. Mo máa ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ ṣe máa ń gbá rédíò yín tó bá dákẹ́. Tiyín máa ń sọ̀rọ̀ padà. Báwo lẹ ṣe máa ń gbá a gan-an?

Àbúrò yín, Tata Sikiratou, ló fara gbá a. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ ní òdìkejì ẹnubodè, ó sì fẹ́ gba ìlú Kika kọjá lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo tẹ ìwé ìrìnnà fún un, ọ̀gá fọwọ́ sí i, ó lọ. Àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà dá a padà. Wọ́n ní Sikiatou ló wà nínú ìwé, Sikiratou ló wà lórí káàdì rẹ̀. Ó padà wá sí búrò, eruku bò ó látòkè délẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Bàbá, ìbá sàn kó bú mi.

Mo mú ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Kò tilẹ̀ wo orúkọ Tata. Ìsàlẹ̀ ìwé ló fi ìka sí, níbi tí mo ti tẹ «révolution», ọ̀rọ̀ ìyípadà ìjọba tí wọ́n ń pariwo kiri. «Évolution» ló jáde. Ó béèrè ẹni tó rán mi pé kí n gé ọ̀rọ̀ náà lórí. Mo ṣàlàyé títí, ó ní ẹ̀rọ ìjọba kò lárùn, ọwọ́ mi ni kò le.

Mo bá ki bébà tuntun bọ inú máṣíìnì, mo ń tẹ bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra. A jáde. Z jáde. E jáde. Mo dé orí r, kò sí nǹkan kan.

Mo ní, «Kámáráádì ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ tiyín tẹ̀ ẹ́.»

Ó gbá a mọ́lẹ̀. Irin r tẹ̀, ó há mọ́ àwọn tó kù, máṣíìnì kú pátápátá. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó wá ní, «Fi kálàmù kọ ọ́.»

Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyẹn? Mo kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, Tata tún mú ọ̀nà Kika pọ̀n. Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n kó tó dé, wọ́n ti fá orí ọmọ, wọ́n ti jẹ ẹran àgbò tán.

Orúkọ yín ni wọ́n sọ ọ́, Bàbá. Tata nìkan ló kù láyé nínú ẹ̀yin ọmọ ìyá, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí àáfà pè é sí ọmọ náà létí.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Èmi ọmọ yín, tí inú ń bí, tí ìfẹ́ yín kò sì tán lọ́kàn rẹ̀.