Ìgò Ìkẹyìn àti Imú Mi

Èmi tí gbogbo ilé ìpọntí wa ń pè ní Onímú, ẹni tó ń tọ́ wisikí wò níbẹ̀ títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé, ojú mi sì là kedere, ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Àyà mi nìkan ni kò balẹ̀. Lọ́la ni dókítà yóò yọ kókó tó wà lẹ́yìn imú mi. Ó ní mo lè má jí. Ó tún ní bí mo bá jí, mo lè má gbóòórùn mọ́ láé. Èkejì yìí ló ń já mi láyà jù.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ lọ́yà tí yóò bá mi pín ogún mi, ẹ gbọ́.

1. Ilé di ti ọmọbìnrin mi. Kó má ṣe kun yàrá ẹ̀yìn lọ́dà, òórùn màmá rẹ̀ ṣì wà lára ògiri ibẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo lọ fi imú kan ògiri náà, ẹ̀rù pé mo lè má gbóòórùn rẹ̀ mọ́ sì bà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀.

2. Ajá di ti ọmọkùnrin mi. Kó yéé fún un ní bisikíìtì.

3. Àwọn ife ìtọ́wò mi, ọmọbìnrin mi ló ni wọ́n. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Ọkọ rẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọ̀kan nígbà kan, mi ò tíì gbàgbé.

4. Àbúrò mi tó ń fi pákó ṣe àgbá ọtí kò jogún nǹkan kan. Ẹ má rò pé ìjà wa ló fà á. Lọ́yà ní ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìwé yìí kò gbọdọ̀ jogún, òun ni mo sì fẹ́ kó jẹ́rìí. Ìjà náà nìyí: níbi iṣẹ́ wa, a kì í lanu sọ̀rọ̀ títí kálukú yóò fi kọ ohun tí imú rẹ̀ gbọ́ sílẹ̀, kí imú ẹnì kan má baà fa ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí a ṣí àgbá tó kẹ́yìn, èmi kọ oyin, òun kọ èéfín. Mo ní kó padà sídìí pákó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìkíni lásán ló kù láàárín wa.

5. Ìgò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ọtí àgbá yẹn. Ọkà báálì nìkan la fi pọn ún, ó lo ogójì ọdún nínú àgbá onípákó, kò sì sẹ́ni tí yóò pọn irú rẹ̀ mọ́. Olówó kan ń wá a kiri láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ má tà á fún un. Bí mo bá kú, ẹ jọ mu ún tán. Bí mo bá jí, ẹ pe àbúrò mi wá, ẹ ṣí i létí ibùsùn mi, ẹ bu díẹ̀ sínú ife, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kí òórùn rẹ̀ lè jáde, kí ẹ sì gbé e sábẹ́ imú mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ.

Èmi tí mi ò gba irọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí lórí ife ọtí, mo bẹ àbúrò mi. Bí mo bá ní oyin ni, tó sì rí i lójú mi pé mi ò gbóòórùn nǹkan kan, kó ṣáà bá mi sọ pé oyin ni.

Mo fọwọ́ sí i nídìí tábìlì ilé ìdáná mi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.
Onímú

Ẹlẹ́rìí kìíní: nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì ojú pópó.

Ẹlẹ́rìí kejì: àbúrò rẹ̀, tó ń ṣe àgbá. Mo ti kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Oyin ni.