Àbá Tó Wà Láàárín

27, Òpópónà Àjàní,
Ìkòsí, Kétu,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Tiwalọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Jayé ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù fún wọn? Jayé fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń lọ sílé ìwé láìsunkún? Orúnkún Mummy ńkọ́? Bá mi sọ fún wọn pé òróró ìfipara tí wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ara mi le, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn.

O bi mí pé kí ni a tilẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́ wa. Èmi náà ń bi ara mi. Bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ ṣe òfin kan, àwa la máa ń ṣa ìrírí àwọn ìlú tó ti ṣe irú rẹ̀ rí jọ, a ó wo ibi tó yọrí sí, a ó sì kọ àbá síwájú àwọn tó máa pinnu. Àbá mẹ́ta ni a máa ń kọ nígbà gbogbo. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.

Ní oṣù Kọkànlá, ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí ètò ọjà gbé ọ̀rọ̀ Mile 12 wá. Wọ́n ní àwọn tó ń fi ọmọlanke kó ata àti tòmátì kúrò nídìí ọkọ̀ Òkè Ọya ń dí ọ̀nà. Mo ka ìtàn ìlú mẹ́rin. Níbi tí wọ́n ti lé ọmọlanke, ata jẹrà sínú ọkọ̀. Níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà tiwọn fún wọn, tí wọ́n sì dá wákàtí fún wọn, ọkọ̀ ń kọjá. Mo tún lọ sí ọjà fúnra mi. Àyàntúndé ló mú mi yíká, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ti ń ti ọmọlanke níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Aunty, ẹ kọ ọ́ dáadáa o! Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ̀yin lẹ máa wá gbé tòmátì."

Mo kọ ọ́. Àbá kìíní, kí wọ́n la ọ̀nà fún wọn. Èyí ni mo fẹ́. Àbá kejì, kí wọ́n lé gbogbo wọn. Mo fi í síbẹ̀ kí iye lè pé ni. Àbá kẹta, kí wọ́n kó ọjà kúrò pátápátá. Nígbà tí Uncle Levi, ọ̀gá mi, kà á, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Diwúrà, ta ló ní kó o fi èyí tó o fẹ́ ṣáájú?"

"Òun ló dára jù, sà."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wà láàárín. Àárín ni Olóyè Gbénró máa ń mú. Lójú tiwọn, ti àkọ́kọ́ ti rọ̀ jù, ti ìkẹyìn ti le jù."

Mo ní òótọ́ kò nílò ká fi í pamọ́ sáàárín. Wọ́n dá awò wọn padà sójú, wọ́n sì buwọ́ lù ú.

Olóyè Gbénró ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ní ìṣẹ́jú keje, wọ́n ní kí n dúró, wọ́n ṣí ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní, "Àwa kì í ṣe aláṣejù. Ẹ jẹ́ ká mú ti àárín." Gbogbo àwọn tó jókòó mi orí. Bí wọ́n ṣe lé ọmọlanke nìyẹn, orúkọ mi ló sì wà lára ìwé tó dábàá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Àyàntúndé pè mí. Kò bínú. Ó ní, "Aunty, wọ́n ka orúkọ yín sí wa létí. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin, ó máa jẹ́ ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ yín."

Mo bẹ Uncle Levi, Uncle Levi bá mi bẹ ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ gbà láti tún un gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́tẹ̀ yìí, àbá kìíní ni pé kí wọ́n fi ọmọlanke sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi kò gbà gbọ́. Ìkẹta, kí òfin dúró. Mo ki ọ̀nà tí wọ́n máa là sáàárín, mi ò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Olóyè Gbénró kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Ti àárín yìí mọ́gbọ́n dání. Ọmọ yìí ti ń gbọ́n sí i."

Ṣé òdodo ni mo ṣe lẹ́ẹ̀kíní ni, àbí ìgbéraga? Ṣé ẹ̀tàn ni ti ẹ̀ẹ̀kejì? Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Àmọ́ níbi iṣẹ́ wa, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń pè lórí mọ́.

Lánàá, mo lọ sọ fún Àyàntúndé fúnra mi. Mo bá a nídìí ọkọ̀ àlùbọ́sà, àpò wà lórí rẹ̀, òógùn bò ó lójú. Mo ní òfin ti yí padà, wọ́n máa la ọ̀nà fún wọn. Ó rọra sọ àpò náà kalẹ̀. Àṣé láti ọ̀sẹ̀ kẹta tí òfin ti dé ló ti ta ọmọlanke rẹ̀, kí ilé lè jẹun.

Ó ní, "Aunty, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tó rà á."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹ̀ ba, wọ́n sì bá a gbé àpò náà padà sórí.

Bá mi kí Bàbá Jayé, kí o kí Mummy dáadáa. Bí o bá ráyè, kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má sọ fún mi pé mo gbìyànjú.

Tìrẹ náà ni mo ṣì jẹ́,
Adédiwúrà.