Ihò Tí Dókítà Rí Lọ́kàn Ọmọ Tí A Ò Tíì Bí

Ilé Ládòkun,
Ìgbòho.
Oṣù Kẹsàn-án, 1987.

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Adékúnlé ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà níkùn rẹ tí a ò tíì mọ ojú rẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀ ń rí omi pọn n'Íbàdàn? Àwa náà wà níbí, iṣu tuntun la ń jẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún ń dùn wọ́n ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wọ́n rárá. Wẹ́rẹ́ lewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Àmín.

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn. Mo kà á, mo tún un kà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. O ní dókítà fi nǹkan tútù bí òrí pa ọ́ níkùn, bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ti òrí ni, èyí tí mo ń ṣe níbí dára ju ti dókítà lọ. O ní ó wá ń wo nǹkan bíi tẹlifíṣọ̀n, ó ní ihò wà lọ́kàn ọmọ. Ṣé tẹlifíṣọ̀n lo fẹ́ kí n gbà gbọ́? Tẹlifíṣọ̀n ilé tíṣà ló sọ lọ́dún tó kọjá pé òjò á tètè dé, a gbin àgbàdo, oòrùn jó o gbẹ, títí dòní ẹni tó sọ ọ́ ò wá bẹ̀ wá. Ọlọ́run fi ọmọ sínú, ó fi awọ bò ó, kí ni dókítà ń yọjú wò níbẹ̀?

Àwòrán tó o fi sínú lẹ́tà, mo gbé e lọ fún Ọlágòkè tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó gbé e sókè, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ní ọyẹ́ ni dókítà yà. Ó ní òkú gan-an ń hàn ju báyìí lọ lọ́wọ́ òun, mo ní kó gbé ọ̀rọ̀ òkú kúrò lẹ́nu. Ó ní ó kéré tán, òun á ti sọ fún ọmọ náà pé kó jókòó dáadáa, kó wojú òun. Èmi náà wò ó títí, n kò rí imú, n kò rí ẹnu. Ẹni tí kò lè ya orí ọmọ kó hàn, òun ló wá rí ihò nínú ọkàn rẹ̀!

Síbẹ̀ mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí kò sí ohun tí àdúrà kò lè ṣe. Pásítọ̀ ní kí ìjọ dìde. Àfi bí Díákónì Ìyápọ̀, tí ẹnu rẹ̀ yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ṣe gba àdúrà mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu, ó ń làágùn, ó ní kí Olúwa dí gbogbo ihò tó wà lára ọmọ náà pa. Ìjọ ti fẹ́ ṣe àmín! Mo fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì, mo ní èmi ò ṣe àmín yẹn o, kí ni ọmọ yóò fi mí, kí ni yóò fi gbọ́ràn, ibo ni yóò gbà ṣu? Pásítọ̀ ní kí n má bínú, Ọlọ́run mọ èyí tí à ń sọ. Mo ní kí Ìyápọ̀ tún un gbà, kó dárúkọ ọkàn nìkan. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó tún un gbà. Irú wọn ni wọ́n fi ń ṣe díákónì láyé ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ara tù mí. Mo ti fẹ́ ní kó o kó ẹrù rẹ wálé wá bímọ, kó o fi dókítà sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Mo ti gbá yàrá, mo ti ra ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ó wá ku orúkọ. Ohun tí ọmọ bá mú tọ̀run wá, àwọn àgbà ti fún un lórúkọ. Èyí tó fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Èyí tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Òjó ni. Èyí tí irun rẹ̀ ta kókó, Dàda ni. Ìka mẹ́fà pàápàá lórúkọ. Mo ní tèyí náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti oríkì, màá sì fi ránṣẹ́ sí dókítà kó lè mọ̀ pé a ti mọ irú rẹ̀ kí wọ́n tó bí dókítà náà.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àtọ́kẹ́, àgbà agbo ilé wa, àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí ìwọ náà. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n á mu ọmú díẹ̀, tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ètè wọn á dúdú bí aró. Wọ́n ní kò lórúkọ. Mo ní báwo ni kò ṣe ní lórúkọ? Wọ́n ní kò sí èyí tó dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nínú wọn.

Àyìnkẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ẹnu tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ dókítà, n kò rí i lò mọ́. Ìgbà náà ni mo tó padà ka ìparí lẹ́tà rẹ, níbi tó o ti sọ pé dókítà ní bó o bá bí i sọ́dọ̀ àwọn, àwọn á dúró tì í láti ìgbà tó bá ti ké, bóyá àwọn á lè tún ọkàn náà ṣe. Ẹ̀rín ni mo ń rín tí mo fi fò ó lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Má wálé o. Mo ní má wálé. Dúró ti dókítà yẹn, ì báà mọ fọ́tò yà, ì báà má mọ̀ ọ́n yà. Èmi ò fi Ọlọ́run sílẹ̀, màá gbé àdúrà mi wá bá a níbẹ̀, kó má baà rò pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kí Adékúnlé fi owó mọ́tò rán awakọ̀ yìí sí mi, kó fi ti oúnjẹ ọ̀nà kún un. Kó má fi í gba báńkì o, àwọn tí wọ́n máa ń bi èèyàn léèrè ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó fún un lówó ọmọ ẹ̀, bíi pé àwọn ló bí i.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ náà yóò ké, yóò mu ọmú yó, yóò sì pé ọjọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ náà, èmi ni màá wá orúkọ fún ohun tó mú wá, torí òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́ládé.