Igbe Sènú

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Pákó já lu ẹsẹ̀ Sènú lónìí, Ègùn tó ń bá wa rẹrù ní sọ́míìlì. Ó figbe ta. Gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo fà á. Ojoojúmọ́ ni mo ń sín igbe ẹ̀ jẹ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ o!"

Ọ̀gá ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, ara kì í ro Ègùn. Táyé, ké tìẹ ká gbọ́."

Mo ké e. Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Sènú ń wò mí nílẹ̀.

Wọ́n ní tèmi ló dùn jù.

Àkísà ni Sènú fi di ẹsẹ̀ náà. Bó bá lọ wú... Bó bá tún ké lọ́la, ta ló máa gbà pé ó ń dùn ún?