Mọ́kànlélọ́gọ́ta Tí A Dúpẹ́ Lé Lórí: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyáàfin Leah Monílọ́lá Akíntóyè

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 1952, ní Òkè-Lisà ní ìlú Oǹdó, ni a bí Leah Monílọ́lá sínú ìdílé Adébùsóyè. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀, a sì máa ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ìdílé náà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọba ń bẹ lára àwọn. Ní Oǹdó, lára ta ni kò sí?

Ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 1971, ó sì fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́. Ọmọ tó bá gba ọgọ́ta máàkì lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́.

Ní 1977 ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Rufus Akíntóyè, akọ̀wé ìjọba tó kọ oyè rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀. Bàbá papòdà ní 2009. Àwọn ọmọ ti ṣí lọ sí Kánádà àti Àbújá. Màmá padà sí Oǹdó, òun àti àga mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Ó ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Ipò ààrẹ ló tọ́ sí i, àmọ́ ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ní 2021, kókó kan yọ ní ọmú òsì rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, òun nìkan a wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wọn ohun tí jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí nọ́ńbà náà kò bá ju ọgbọ̀n lọ, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Bó bá ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí àrùn ti tún dìde. Lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ ló ti mọ Ìyá Oríọlá ará Ìgbàrà-Òkè, tí òun náà ń gbàtọ́jú.

Ní 2023, nígbà tí epo wọ́n gógó, èsì Màmá kúrò ní méjìlélógún, ó di mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó pe Adédèjì, àkọ́bí rẹ̀, ní Kánádà, ó dárúkọ nọ́ńbà náà fún un. Ohun tó ń retí ni kí ọmọ sọ pé òun ń bọ̀. Ọmọ tí a fi máàkì tọ́ figbe ayọ̀ ta: "Mọ́kànlélọ́gọ́ta! Màmá mi, ẹ ti pàsì!" Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí léèsì funfun fi dé láti Kánádà fún ìdúpẹ́. Màmá jó dé iwájú pẹpẹ.

Ìyá Oríọlá ló sọ ìyókù fún ẹbí. Ó ní òun bi í pé, "Tíṣà, ẹ ò wá là á yé wọn?"

"Inú wọn ti dùn jù. Kí n wá bu omi sí i?"

"Ẹ̀yin náà mà le o! Ó dáa, èmi á máa bá yín wọlé lọ gbọ́ èsì."

Kò yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 2024, ọwọ́ rẹ̀ ni ọwọ́ Màmá wà nígbà tí Màmá mí èémí ìkẹyìn. Adédèjì dé ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó bá èsì tó gbẹ̀yìn lábẹ́ ìrọ̀rí: ọ̀ọ́dúnrún ó lé. Dókítà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Olóògbé fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Adédèjì, Títílọpẹ́ àti Adélaní, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje. Àwòrán mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà nínú ìwé yìí. Màmá fojú hàn nínú mọ́kànlá. Ìyá Oríọlá ṣì ń bẹ láyé. Òun ni ẹbí lọ bi léèrè aṣọ tí Màmá fẹ́ kí a fi sin òun.

Màmá, oorun ire ni kí ẹ sùn. Níbi tí ẹ ń lọ, kí ẹ bá ẹni tí yóò jókòó tì yín.