Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dírẹ́bà

Ọdún mẹ́fà pé lónìí tí o ti lọ, o kò sì tíì gbé mọ́tò rẹ kúrò nínú ọgbà mi.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìrántí ọkọ ẹni nìyẹn. Àkọ́bí wa ti bá mi kọ èyí tó dára sílẹ̀, ó fi "ọkọ rere" àti "bàbá àtàtà" sí i, ó ní kí n kàn fọwọ́ sí i. Mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ọkọ rere ni ọ́, èmi náà jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n láti Sátidé tó kọjá ni inú ti ń bí mi sí ọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ dídùn. Níwájú àwọn èèyàn, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè ọ́. Lónìí, ìwọ ni. Fìdí kalẹ̀, kí o gbọ́ tìrẹ.

Ọdún mẹ́fà! Yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé tí o fi sílẹ̀ láìlórùlé, mo ti parí wọn. Mo kan páànù, mo lẹ táìlì, mo ṣe fèrèsé. Àwọn tó ru táìlì wọlé, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi rìn bí akàn, nítorí mọ́tò rẹ dí ọ̀nà. Obìnrin kan fẹ́ gba yàrá kan níbẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀dì ò gba ibẹ̀ kọjá, ló bá gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà lọ. Ọkùnrin yìí, o ti lọ tán, o ṣì ń lé ayálégbé!

Ilé ìwé tí o dá sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà ṣì wà. Mọ́tò mẹ́ta lo fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti di mẹ́rin. Búrékì kejì ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́ nínú gbogbo wọn, bí o ṣe fi lélẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti kékeré, tí mi ò di ìdarí ọkọ̀ mú rí láyé mi, èmi ni mo wá di ọ̀gá ilé ìwé dírẹ́bà! Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ń kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo féèlì ìdánwò nítorí rìfáàsì. Ògiri ọ́fíìsì rẹ ṣì wà bí o ṣe kùn ún, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà tí o kọ sí i ṣì wà: OHUN TÍ A BÁ FI Ẹ̀SỌ̀ MÚ KÌ Í BÀJẸ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á, ojoojúmọ́ ni mo sì ń pòṣé. Ìwọ! Ìwọ lo kọ ọ́! Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn mọ ẹni tó kọ ọ́ ni, wọn ì bá ti sá lọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ẹni tí o jẹ́, nítorí ikú a máa sọ gbogbo èèyàn di ẹni jẹ́jẹ́.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni. O ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ya àwòrán afárá àti títì, wọ́n fún ọ ní tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé. O kò ní bẹ́ẹ̀dì. O kò ní sítóòfù. Orí ìṣó ni aṣọ rẹ ń gbé. Kí lo wá kọ́kọ́ rà? Mọ́tò onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún eré, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, tí ariwo rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé o ti jí. Àlòkù ni o! Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń nù ún láràárọ̀, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ìkókó ni.

Kòdúró ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ sọ ọ́. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, tí títì ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí bá ti ṣófo, ibẹ̀ lẹ ti ń fi mọ́tò sáré ìje, láti ìdí òpó iná àkọ́kọ́ títí dé ẹnu géètì tó ti dógùn-ún. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ẹni tó rán yín níṣẹ́. Ẹni tó bá borí á máa fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ títí dé ilé. Ó parí! Torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ pa ara yín.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ, ọ̀rẹ́ rẹ kan lo gbé wá sí ilé ìwòsàn wa. Ó ti lọ fi mọ́tò tirẹ̀ gbá géètì yẹn, eegun èjìká rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Ó ń ké. Mò ń bi ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìwọ ń yọjú lójú fèrèsé bóyá ẹnì kan ń fọwọ́ kan mọ́tò rẹ. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi pé ẹni tó bá fẹ́ ọkùnrin yìí, wàhálà ló fẹ́. Ẹnu mi rèé! Ọ̀rẹ́ rẹ di Èjìká láti ọjọ́ náà, èmi náà di ìyàwó wàhálà.

Kí mọ́tò lè fúyẹ́, gbogbo ohun tó ṣeé tú lo tú kúrò nínú rẹ̀: táyà àfirọ́pò, àga ẹ̀yìn, àní àga iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Mọ́tò wá di ti ẹnì kan ṣoṣo. Àga iwájú yẹn lo gbé sínú yàrá rẹ, òun lo sọ di àga àlejò. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá kí ọ, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Orí rẹ̀ ni ìyá rẹ náà jókòó sí. Wọ́n bi ọ́ ohun tí àga mọ́tò ń wá nínú yàrá, o ní ìdọ̀tí lo fẹ́ gbọ̀n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lo fi gbọn ìdọ̀tí!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jáde níbi iṣẹ́, mo bá ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. O ṣí ilẹ̀kùn kejì fún mi. Àga ti wà níbẹ̀. O ti dè é padà, nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. O ní bí mo bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o kò ní lè sáré. Ó tán. O kò kúnlẹ̀, o kò mú òrùka, ọwọ́ rẹ dúdú fún ọ́ìlì. Mo wọlé, mo jókòó. Láti ọjọ́ náà, oorun lo máa ń sùn láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Ọkàn mi gbà ọ́ gbọ́, ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún, gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ yà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò, bí ẹni pé búrékì wà níbẹ̀. O máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ. O fi búrékì kejì sínú mọ́tò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, o kò fi ẹyọ kan sí tèmi.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wàá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àyà ń dùn ọ́, o kò sọ! Èmi nọ́ọ̀sì, tí mò ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo ayé láti àárọ̀ di alẹ́! Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó wálé, o ní ó di ọ̀la. Mo bá dókítà sọ̀rọ̀ nítorí rẹ, o ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kòdúró! Gbogbo nǹkan lo fi ìkánjú ṣe láyé, dókítà nìkan lo ní sùúrù fún. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni o lọ, lórí àga ọ́fíìsì rẹ, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sọ̀ tí o kọ sára ògiri. Kì í ṣe lójú títì. Lórí àga! Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, mo de ẹ̀rọ mọ́ apá ẹni ẹlẹ́ni.

Ká fi ti àná sílẹ̀. Àkọ́bí wa ti di bàbá ọmọ. Bí ẹni tó gbé ẹyin sórí ló ṣe ń wakọ̀, kẹ̀kẹ́ ọmọléèwé ń yà á sílẹ̀, mo sì ń dúpẹ́. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ rẹ obìnrin, ló jáde yunifásítì lọ́dún yìí, ó sì ti ríṣẹ́. Ẹní bíni là á jọ, ọmọ yìí jọ ọ́ dé orí òṣé pípa. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, o gbé e lé itan, o fi ọwọ́ rẹ̀ lé ìdarí ọkọ̀, o ní ọjọ́ tó bá gboyè, mọ́tò yìí di tirẹ̀. Ìwọ lo ṣèlérí, ìwọ lo bá tìrẹ lọ. Èmi ni mo wà nílé tí ọmọ ń wojú mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ ta mọ́tò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù, tí mo sì gbé e sílẹ̀. Níkẹyìn, mo fún ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Èjìká, tó ti di ògbóǹtarìgì mẹkáníìkì, tí ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó ráyè wọ abẹ́ mọ́tò mọ́, ló wá jí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, mo sá wọ kíṣíìnì. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé. Èjìká kò sì dákẹ́! Ó ń ro gbogbo ìtàn Sọ́ńdè yín fún ọmọ náà, mo ṣẹ́jú sí i, mo wúkọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó kọtí ikún sí mi.

Sátidé tó kọjá, mo tibi iṣẹ́ dé, mo ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Àga wà níbẹ̀. Àga yẹn! Ó wà lábẹ́ fọ́tò rẹ, ó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n bí àlejò tó ti jẹun tán. Mo figbe ta. Ọmọ rẹ jáde wá, gírísì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí lèyí? Ó ní Mọ́mì, ìdọ̀tí lòun fẹ́ gbọ̀n kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Èmi kọ́. Èjìká búra pé òun ò sọ ti ìdọ̀tí fún un. Irọ́ yìí, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà!

Mi ò bá a jà. Mo ti bá ọ jà lórí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, mo mọ ibi tí ìjà gbé mi dé. Mo dúró títí ó fi jáde, mo wọ́ àga lọ sí ọgbà, mo mú sípánà rẹ. Ó tó wákàtí kan àtààbọ̀. Èékánná mi méjì kán. Nọ́ọ̀tì kan yí lọ sábẹ́ mọ́tò, mo fi àyà balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ fà á jáde. Nígbà tí mo ń ti àga náà sí ààyè rẹ̀ ni mo rí kápẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀. Ihò kan wà lórí rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdí ife, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń tẹ búrékì tí kò sí. Gbogbo ohun tó wà nínú mọ́tò yẹn lo ti pààrọ̀, bẹ̀rẹ̀ látorí gíláàsì títí dé ọwọ́ ilẹ̀kùn. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni o kò pààrọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo bú ọ, mo tún sunkún.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọmọ rẹ rọra yọ́ jáde. Ó bá mi nínú mọ́tò. Mo ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, mo ti de bẹ́líìtì, báàgì mi wà lórí itan mi. Mo ní ibi tó bá ń lọ ni kó gbé mi dé. Ó wo àga, ó wò mí, ó pòṣé bíi tìrẹ gẹ́lẹ́, ó sì gbé mi lọ sí títì ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò wọn. Ojú tì wọ́n, wọ́n ní ẹ káàárọ̀ mà. Mo yọ ẹ̀rọ mi jáde, mo ní kò sẹ́ni tó máa sáré láìjẹ́ pé mo wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Mo wò ó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ, mò ń bi wọ́n bí màmá wọn ṣe wà. Kò sẹ́ni tó ráyè sáré mọ́.

Ọmọ rẹ ló kẹ́yìn. Mo rò pé yóò ní ó di ọ̀la. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá fún mi.

Ó gbé mi padà sílé jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ mi wà nínú ihò rẹ̀. Mi ò tan ara mi jẹ, Sọ́ńdè mìíràn ń bọ̀, orí kunkun rẹ ló sì jogún. Kó máa bọ̀. Èmi náà á ti wà lórí àga mi.

Ṣùgbọ́n ìwọ, Kòdúró! Ọdún mẹ́fà rèé, mi ò tíì dárí jì ọ́. Ọdún mẹ́fà rèé, mo ṣì ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó la ojú. Mo fẹ́ràn rẹ, alágídí, mo fẹ́ràn rẹ débi pé ó ń sú mi. O sọ ọ́ fúnra rẹ pé bí mo bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, o kò ní lè sáré. Ìrìn kan ṣoṣo tí o lọ yìí, o tú àga mi kúrò kí o tó gbéra.

Níbi tí o wà yẹn, wá sípánà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni. Má kánjú, mi ò tíì máa bọ̀, mo ṣì ní ọmọ tí mo gbọ́dọ̀ jókòó tì. Ṣùgbọ́n dè é padà.